Ààbò àti Ìlérí nínú Ìtàn Ìṣẹ́gun Dáfídì: Àyẹ̀wò Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, Orí 5 sí 12

Ìfáárà

Láti ìgbà tí odindi Bíbélì ti jáde ní èdè Yorùbá ní 1884 ni ìtàn Dáfídì ọba Ísírẹ́lì ti di ara ohun tí gbogbo wa jọ ń sọ. Ọmọdé tí kò tí ì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa ti gbọ́ nípa kànnàkànnà àti òkúta dídán márùn-ún. Àgbàlagbà tí kò mọ̀wé rárá lè sọ ìtàn Gòláyátì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó bá ti mọ́ ènìyàn lára jù kì í sábà rí àyẹ̀wò tí ó péye gbà. A ti rò pé a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà a kì í kà á mọ́. Ìrántí rẹ̀ nìkan ni a ń kà.

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí ni ó mú kí Dáfídì máa ṣẹ́gun, ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbà. Àwọn kan á ní akíkanjú ni, ó sì mọ ogun í jà. Àwọn mìíràn á ní ènìyàn rere ni, ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi wà lẹ́yìn rẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé asọ̀tàn inú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì kò fọwọ́ sí ìkankan nínú ìdáhùn méjèèjì yìí. Ohun tí ó gbé kalẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ààbò Olúwa ni ó ṣẹ́gun, àti pé ìlérí kan tí ó ti wà nílẹ̀ ni ààbò náà ń mú ṣẹ. Ó sì tún ṣètò ìtàn rẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè sọ pé ohun gbogbo tí ẹni tí ó ṣẹ́gun bá ṣe ni ó tọ́.

Iṣẹ́ wa kì í ṣe ìwàásù. Lítíréṣọ̀ ni a ń yẹ̀ wò, ọ̀nà tí a sì ń gbà yẹ lítíréṣọ̀ wò ni a óò tẹ̀ lé: a óò wo àhunpọ̀ ìtàn, ìṣọwọ́lo-èdè, àwítúnwí, àti ibi tí asọ̀tàn ti dákẹ́.

Ètò Ìtàn

Kí a kọ́kọ́ wo bí ìtàn náà ṣe tò. Ní orí 5, Dáfídì di ọba lórí gbogbo Ísírẹ́lì, ó gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn ará Jébúsì, ó sì bá àwọn Fílístínì jagun lẹ́ẹ̀mejì. Ní orí 6, wọ́n gbé àpótí májẹ̀mú wọ Jerúsálẹ́mù. Ní orí 7, Dáfídì fẹ́ kọ́ ilé fún Olúwa. Wòlíì Nátánì sì mú iṣẹ́ wá pé Olúwa fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ ilé fún Dáfídì. Orí 8 ka àwọn ogun tí ó ṣẹ́: Fílístínì, Móábù, Sóbà, Síríà ti Dámásíkù, Édómù. Orí 9 sọ bí ó ṣe ṣàánú Mẹfibóṣẹ́tì ọmọ Jónátánì. Orí 10 dé 12 jẹ́ ti ogun Ámónì, inú ogun yìí ni ọ̀rọ̀ Bátíṣébà àti Úráyà sì wà.

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé inú àkọsílẹ̀ ààfin ni orí 8 ti wá, nítorí pé àkójọ ogun, ìkógun àti ìṣákọ́lẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀, orúkọ àwọn ìjòyè ọba sì ni ó fi parí. A kò bá wọn jiyàn. Ó rí bẹ́ẹ̀ lójú àwa náà. Ṣùgbọ́n ibi tí a gbé nǹkan sí jẹ́ ara ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó to ìwé yìí kò fi àkójọ ogun náà sí orí 5, níbi tí à bá ti retí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìlérí orí 7 ni ó fi sí. Ọ̀rọ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ orí náà, èyí tí ó fi hàn pé lẹ́yìn nǹkan wọ̀nyí ni, kò dandan kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò nìkan. Orí 7 ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé Olúwa ti fún ọba ní ìsinmi lọ́wọ́ gbogbo ọ̀tá tí ó yí i ká; bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ àti oṣù ni asọ̀tàn ń tò lẹ́sẹẹsẹ, ogun márààrún tí ó tẹ̀ lé ìsinmi yìí yóò ṣòroó ṣàlàyé. Ohun tí ó ń tò ni ìdí àti àbájáde. Ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ jáde, ogun sì tẹ̀ lé e.

Àwítúnwí Kan àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni asọ̀tàn sọ gbólóhùn kan náà ní orí 8, ní ẹsẹ 6 lẹ́yìn ogun Síríà àti ní ẹsẹ 14 lẹ́yìn ogun Édómù. Ohun tí gbólóhùn náà ń sọ ni pé Olúwa ni ó ń dáàbò bo Dáfídì ní gbogbo ibi tí ó bá lọ. Bí a bá wo gírámà orí náà, a óò rí ohun kan tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè tètè kíyè sí. Nínú ìròyìn àwọn ogun náà, Dáfídì ni olùwà fún ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó pọ̀ jù. Òun ni ó kọlù, òun ni ó gbà, òun ni ó wọn, òun ni ó kó, òun ni ó fi ẹgbẹ́ ọmọ ogun ṣọ́ ìlú. Ẹni tí ó bá ń kà á yóò rò pé ọba nìkan ni ó ń ṣe gbogbo nǹkan. Ìgbà tí a bá dé ẹsẹ 6 ni gbólóhùn yí padà: Olúwa di olùwà, Dáfídì sì di àbọ̀. Ní ẹsẹ 14 ó tún rí bẹ́ẹ̀. Asọ̀tàn kò jiyàn, kò sì wàásù. Ó kàn pààrọ̀ ipò àwọn méjèèjì nínú gbólóhùn, ó sì jẹ́ kí ìyẹn tún gbogbo ohun tí ó ti sọ ṣáájú túmọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó lò níbẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa àtijọ́ lo 'pa mọ́'. Èyí bá ohun tí ó wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 mu. Àwọn ìtumọ̀ kan tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ yan 'fún ní ìṣẹ́gun' dípò rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò kéré ní èdè wa. Ohun tí a bá fún ènìyàn ti di tirẹ̀. Ó lè gbé e sọ́wọ́, ó lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pa mọ́ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Òun gan-an ni a dì mú. Ohun tí ó lè sọnù ni a sì máa ń pa mọ́. Nítorí náà, 'pa mọ́' ń rán wa létí pé Dáfídì ìbá ti kú sí ojú ogun wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀, hoshia, sún mọ́ 'gbà là' ní Yorùbá: kí a yọ ènìyàn nínú ewu. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó wà lẹ́nu Dáfídì níwájú Gòláyátì (Sámúẹ́lì Kìíní 17, ẹsẹ 47), nígbà tí ó sọ pé kì í ṣe idà àti ọ̀kọ̀ ni Olúwa fi ń gbani. Òun náà ni ó wà lẹ́nu Ábínérì (Sámúẹ́lì Kejì 3, ẹsẹ 18), nígbà tí ó rán àwọn àgbààgbà Ísírẹ́lì létí ìlérí Olúwa pé ọwọ́ Dáfídì ni òun yóò fi gba àwọn ènìyàn òun sílẹ̀ lọ́wọ́ Fílístínì. Ìbáṣepọ̀ yìí jinlẹ̀. Ní orí 3, Dáfídì ni a óò lò láti gbani là. Ní orí 8, a rí i pé olùgbàlà náà ń fẹ́ ẹni tí yóò gba òun náà là. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó so méjèèjì pọ̀.

Lójú tiwa, kò sí èyí tí ó burú nínú ìtumọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ bá ìtàn mu jù. 'Fún ní ìṣẹ́gun' sọ àbájáde ogun fún wa. 'Pa mọ́' sọ ipò ẹni tí ó ja ogun náà.

Ìlérí: Ilé, Orúkọ àti Odò

Gbólóhùn orí 8 yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní orí 7, ẹsẹ 9, Olúwa rán Nátánì sí Dáfídì pé òun ti wà pẹ̀lú rẹ̀ níbikíbi tí ó ti lọ, òun sì ti ké àwọn ọ̀tá rẹ̀ kúrò. Apólà tí ó ń sọ nípa ibikíbi tí ó lọ yìí ni asọ̀tàn tún gbé wá sí orí 8, ẹ̀ẹ̀mejì. Nítorí náà àwítúnwí náà jẹ́ ẹ̀rí. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀ ni ó rí. Bí a ti san apá kan ni a ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti san án.

Ìlérí orí 7 dá lé ọ̀rọ̀ kan tí èdè Yorùbá gbé jáde dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ni 'ilé'. Dáfídì ń gbé inú ilé tí a fi igi kédárì kọ́, ó sì fẹ́ kọ́ ilé fún Olúwa. Olúwa ní òun ni yóò kọ́ ilé fún un, èyí ni pé ìran rẹ̀ yóò máa jọba. Nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé tí a ń gbé àti fún ìdílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú èdè wa: bí a bá ní 'ilé Lágbájá', ó lè jẹ́ ògiri àti òrùlé ni a ń wí, ó sì lè jẹ́ àwọn ènìyàn. Èyí wà lára ibi tí ìtumọ̀ Yorùbá kò ti pàdánù ohunkóhun, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè rí ọgbọ́n asọ̀tàn láìsí àlàyé púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni 'orúkọ'. Ní orí 7, ẹsẹ 9 kan náà, Olúwa ní òun yóò ṣe orúkọ ńlá fún Dáfídì. Ní orí 8, ẹsẹ 13, asọ̀tàn ní Dáfídì ṣe orúkọ fún ara rẹ̀ nígbà tí ó padà dé láti ojú ogun. Ta ni ó wá ṣe orúkọ náà? A kò gbà pé ìtàn náà ṣàṣìṣe. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì ti fi ọ̀nà méjèèjì hàn wá: àwọn tí ó kọ́ ilé ìṣọ́ Bábélì fẹ́ ṣe orúkọ fún ara wọn (orí 11), ṣùgbọ́n Ábúráhámù ni Olúwa ṣèlérí pé òun yóò sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá (orí 12). Ní orí 8 ìwé tí a ń yẹ̀ wò, Dáfídì dúró sí àárín ọ̀nà méjèèjì. Asọ̀tàn sọ pé ó ṣe orúkọ fún ara rẹ̀, kò sì dá a lẹ́bi; ṣùgbọ́n ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e gan-an ni ó ti tún sọ pé Olúwa ni ó dáàbò bò ó. Ó fi gbólóhùn kejì di gbólóhùn àkọ́kọ́ mú, kí ó má baà fò lọ.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni odò Yúfúrétì, tí ọ̀rọ̀ ogun Hadadésérì ọba Sóbà dá lé. Ẹni tí ó bá ti ka Jẹ́nẹ́sísì orí 15 yóò rántí pé odò yìí ni ààlà tí Olúwa dárúkọ fún Ábúráhámù. Bákan náà ni Édómù. Édómù ni ìran Ísọ̀, nígbà tí Rèbékà sì lóyún ìbejì ni a ti sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n yóò sin àbúrò. Ní orí 8, ẹsẹ 14, gbogbo Édómù di ìránṣẹ́ Dáfídì. Asọ̀tàn kò tọ́ka sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí. Ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìdílé. Àwọn òwe wa náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: a ó sọ ìlàjì, olóye yóò sì parí rẹ̀.

Kí a má gbàgbé pé ní èdè wa, 'ìlérí' àti 'lérí' jọ ń rìn ni. Ẹni tí ó ṣèlérí fi ọkàn ẹlòmíràn balẹ̀. Ẹni tí ó lérí ń halẹ̀. Ìtàn Dáfídì kún fún àwọn tí ó lérí. Gòláyátì lérí. Àwọn ará Jébúsì lérí ní orí 5 pé afọ́jú àti arọ tó láti dá Dáfídì padà lẹ́nu ibodè. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń dojú kọ ara wọn nínú ìtàn yìí, ìlérí Olúwa àti ìlérí ọ̀tá, ogun sì ni ibi tí a ti ń mọ èyí tí yóò dúró nínú méjèèjì. Àwọn àgbà sì ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ta Ni Ó Ni Ìṣẹ́gun?

Bí a bá fẹ́ mọ̀ pé asọ̀tàn kò ka ìṣẹ́gun sí iṣẹ́ ọwọ́ ọba nìkan, kí a wo ogun Àfonífojì Iyọ̀. Sámúẹ́lì Kejì 8 sọ pé Dáfídì ni ó pa 18,000 níbẹ̀. Ìwé Kíróníkà Kìíní 18 sọ pé Ábíṣáì ọmọ Serúáyà ni ó pa 18,000 náà. Àkọlé Orin Dáfídì 60 dárúkọ Jóábù, ó sì sọ pé 12,000 ni. Àwọn kan máa ń lo irú ìyàtọ̀ báyìí láti fi sọ pé ìwé náà kò ṣeé gbà gbọ́. Ohun tí a rí níbẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀gágun ni ó ń jà, ọba ni a ń kà á sí lọ́rùn. Gbogbo ayé ni ó mọ èyí. Bí orúkọ ẹni tí ó ja ogun bá lè jẹ́ mẹ́ta nínú ìwé mẹ́ta, a jẹ́ pé kò dájú pé ọwọ́ ọba ni ìṣẹ́gun náà wà. Jóábù fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní orí 12, nígbà tí ìlú Rábà fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí ọba pé kí ó yára wá gbà á, kí a má baà fi orúkọ òun pe ìlú náà.

Àwọn ẹṣin Hadadésérì náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Dáfídì já iṣan ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ ogun, ó sì ṣẹ́ èyí tí ó tó 100 kẹ̀kẹ́ kù. Lójú jagunjagun, ìwà òmùgọ̀ ni kí ènìyàn ba irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n Diutarónómì 17 ti kọ̀ fún ọba Ísírẹ́lì láti kó ẹṣin jọ fún ara rẹ̀. Dáfídì pa òfin mọ́ dé ibi tí ó pọ̀, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Lójú wa, 100 kẹ̀kẹ́ yìí wà lára àwọn ibi tí asọ̀tàn ti fi ìwà ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ hàn láìsọ ọ́ jáde.

Ní orí 5 ẹ̀wẹ̀, kí Dáfídì tó bá Fílístínì jà, ó béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Nígbà kejì tí wọ́n tún dé, ó tún béèrè, ìdáhùn sì yàtọ̀: kí ó má lọ tààrà, kí ó yí sẹ́yìn wọn, kí ó sì dúró di ìgbà tí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè àwọn igi. Ẹni tí ó ti ṣẹ́gun lánàá kò lo ọgbọ́n àná. Ibi tí ó ti béèrè ni ààbò náà ti hàn jù.

Ohun Tí Ó Ṣòro: Móábù

Àyẹ̀wò wa kò ní pé bí a bá fo ẹsẹ 2 orí 8. Dáfídì mú kí àwọn ará Móábù dùbúlẹ̀, ó fi okùn wọ̀n wọ́n, ó pa ìwọ̀n méjì, ó sì dá ìwọ̀n kan sí. Ọ̀rọ̀ tí ó ń ba ni lọ́kàn jẹ́ ni. Ó tún burú sí i nígbà tí a bá rántí pé ará Móábù ni Rúùtù, ìyá ńlá Dáfídì, àti pé ọba Móábù ni Dáfídì fi bàbá àti ìyá rẹ̀ sí lọ́dọ̀ nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń lépa rẹ̀ (Sámúẹ́lì Kìíní 22). Asọ̀tàn kò sọ ohun tí Móábù ṣe. Ìwé Kíróníkà, nígbà tí ó ń sọ ìtàn yìí, fo ọ̀rọ̀ okùn náà pátápátá.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe? Àwọn kan á ní níwọ̀n ìgbà tí Olúwa ti dáàbò bo Dáfídì níbi gbogbo, ó ti fọwọ́ sí èyí náà. A kò gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, gbólóhùn ààbò náà kò sí lẹ́yìn ogun Móábù. Ẹ̀yìn ti Síríà àti ti Édómù ni ó wà. Lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí gbólóhùn náà sọ ni pé a pa ọba mọ́. Kò sọ pé a yin ohun gbogbo tí ọba ṣe. Ẹni tí a gbà nínú ewu kò tíì di aláìlẹ́ṣẹ̀. Bí a bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀ fún àwọn ọmọ, ohun tí a ń kọ́ wọn ni pé ẹni tí ó bá ti borí ni ó jàre. Ẹ̀kọ́ búburú nìyẹn, kò sì sí nínú ìwé náà.

Ibi Tí Asọ̀tàn Ti Dákẹ́

Ẹ̀rí wa tí ó lágbára jù ni ogun Ámónì. Ogun ńlá ni. Ní orí 10, ẹsẹ 18, a ka 700 kẹ̀kẹ́ ogun àti 40,000 ẹlẹ́ṣin ará Síríà tí ó ṣubú. Ní orí 12, wọ́n gba Rábà, wọ́n sì gbé adé wúrà tí ó wọn tálẹ́ńtì kan lé Dáfídì lórí. Bí ìṣẹ́gun bá ni ó ń fa gbólóhùn ààbò náà wá, ibí ni ó yẹ kí a ti gbọ́ ọ jù. Ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo orí 10, ẹnu Jóábù nìkan ni a ti gbọ́ orúkọ Olúwa. Nínú ìròyìn gbígba Rábà, a kò dárúkọ Olúwa rárá.

Kí ni ó fà á? Ìbẹ̀rẹ̀ orí 11 dá wa lóhùn. Ó jẹ́ àkókò tí àwọn ọba máa ń jáde lọ sógun. Dáfídì rán Jóábù lọ, òun sì jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Ààbò tí a ṣèlérí jẹ́ ti ibikíbi tí ó bá lọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò lọ ibì kankan. Láti orí òrùlé ilé kédárì náà ni ó ti rí aya Úráyà. Idà àwọn ọmọ Ámónì ni ó sì lò láti pa Úráyà, gẹ́gẹ́ bí Nátánì ti sọ fún un lójú. Ogun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti Olúwa ti di ohun èlò ìpànìyàn lọ́wọ́ ọba. Asọ̀tàn kò sọ pé ìṣẹ́gun dáwọ́ dúró. Adé wúrà ṣì dé. Ohun tí ó dáwọ́ dúró ni gbólóhùn náà.

Nátánì tí ó mú ìlérí wá ní orí 7 ni ó mú ẹ̀bi wá ní orí 12. Ó ní idà kò ní kúrò nínú ilé Dáfídì. Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ náà 'ilé'. Ìlérí kò yẹ̀, ilé náà sì dúró, ṣùgbọ́n idà wọ inú rẹ̀. Orí 7 ti sọ ọ́ ṣáájú pé bí ọmọ bá ṣẹ̀, a óò fi ọ̀pá nà án, ṣùgbọ́n àánú kò ní kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà ìlérí yìí kì í ṣe ìfúnpá tí ènìyàn dè mọ́ apá, tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún un bí ó ti wù kí ó hùwà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà láàyè ni, ẹni náà sì lè báni wí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn ìṣẹ́gun Dáfídì kò rí bí oríkì ọba, tí ń gbé ọlá fún ẹni tí a ń kì. Ó gbé iṣẹ́ ọba kalẹ̀, ó ka iye àwọn tí ó ṣubú àti ohun tí a kó, lẹ́yìn náà ni ó fi gbólóhùn kan gba ògo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í fún ẹni tí ó ṣèlérí. Nígbà tí ọba sì sọ ìṣẹ́gun di ti ara rẹ̀, asọ̀tàn pa gbólóhùn náà mọ́ sẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ sá fún. Ní nǹkan bí 586 ṣáájú ìbí Kristi, ogun Bábílónì run Jerúsálẹ́mù, ìran Dáfídì kò sì jókòó sórí ìtẹ́ níbẹ̀ mọ́. Orin Dáfídì 89 gbé ìlérí náà sókè pátá, lẹ́yìn náà ni ó bi Olúwa léèrè ibi tí ó gbé e sí. Àwọn tí ó pa ìwé Sámúẹ́lì mọ́ fún wa mọ ìbéèrè yìí, síbẹ̀ wọn kò pa ìlérí náà rẹ́. A rò pé wọ́n rí ohun tí a ti ń sọ láti òkè: bí a ti ṣẹ́gun kọ́ ni a fi ń mọ̀ pé ìlérí ń bẹ.

Ní 1993, ní Tel Dan ní àríwá Ísírẹ́lì, wọ́n hú àfọ́kù òkúta kan jáde tí a kọ nǹkan sí lára ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣáájú ìbí Kristi. Ọba Síríà kan ni ó jọ pé ó gbé e kalẹ̀ láti fi yangàn pé òun ṣẹ́gun. Lára àwọn tí ó ní òun ṣẹ́gun ni èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí 'ilé Dáfídì'. Ọ̀tá ni ó kọ ọ́, ìlérí ọ̀tá ni ó kún inú rẹ̀. Orúkọ ọba Síríà náà ti fọ́ dànù kúrò lára òkúta. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí ó jẹ́. Ilé àti orúkọ, ohun méjì tí Nátánì ṣèlérí fún Dáfídì, ni wọ́n ṣì lè kà níbẹ̀.